Ẹni Tó Ń Bá Ọ Gbélé Ni Yóò Dáhùn

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 2021, Olúbáyọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abossey Okai, ní Accra, kò sì dìde mọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó ń gbé ṣọ́ọ̀kù méjì jáde, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fò bó bá kó sí kòtò, fún fítà kan, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tó ń dúró dè é. Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì aládùúgbò. Èkejì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ló tú àwọn ìka náà kúrò lára irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Morónfólú ìyàwó rẹ̀ dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń tú wọn. Ó ka márùn-ún. Kò sunkún.

Ó ya gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu, nítorí obìnrin tí omijé rẹ̀ kì í jìnnà ni. Ìyà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ ẹ́, ó sì ti sunkún sí gbogbo rẹ̀ pátá. Oṣù Kìíní ọdún 2003 ló ti Ogbómọ̀ṣọ́ dé Accra. Oṣù mọ́kànlá ló fi sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rù kan ní Tudu, lórí páálí mílíìkì, pẹ̀lú aṣọ ìbora kan ṣoṣo. Ibà dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá nínú oṣù Kẹta. Nígbà tó lọ́kọ tán tó sì bímọ, ó fi ọdún mẹ́ta lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré ni kò lọ nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ. Ẹnu rẹ̀ náà kò jìnnà. Ó ti bá ọmọ tó ń gbowó ọkọ̀ tírótírò jà láti Circle dé Kaneshie nítorí pé ó pè é ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá ní Ghana, pẹ̀lú ohùn tí kò dára. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dúró, ìdajì èrò wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì wà lẹ́yìn ọmọ náà, dírẹ́bà sì ń bẹ gbogbo wọn.

Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ mọ̀ bóyá Morónfólú wà nílé, òun kò ní kan ilẹ̀kùn, òun yóò kàn dúró ní ìkòríta kí òun tẹ́tí.

Ìjọ Orísun Ìyè ni wọ́n ń lọ, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Circle, níbi tí àwọn tó ń ta fóònù ti gba gbogbo ìsàlẹ̀. Pásítọ̀ Ayọ̀mikún, tó ti ṣiṣẹ́ báńkì fún ọdún mẹ́rìnlá kó tó jẹ́ ìpè, kò fẹ́ràn kí èèyàn máa jẹ́rìí nípa ara rẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ni yóò wí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Nítorí náà, láti ọdún 2012, ó dá àṣà kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó bá sún mọ́ ọjọ́ tí wọ́n rì ọ́ bọmi, wàá dúró níwájú ìjọ ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń bá ọ gbélé yóò ṣí Bíbélì sí ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ka èso Ẹ̀mí fún àwọn ará Gálátíà, yóò sì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sọ pé, "Ó ń so," tàbí, "Kò tíì so," yóò sì sọ ohun kan tó rí nílé tó fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó dúró kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Wọ́n ń pè é ní Ìwọ̀n Ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó tíì pé mẹ́sàn-án.

Olúbáyọ̀ ló ń dáhùn fún Morónfólú nígbà ayé rẹ̀. Lọ́dún 2014, nígbà tó dé orí ìkóra-ẹni-níjàánu, ó pa Bíbélì dé.

"Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀ di àmọ́dún. Mo ṣì fẹ́ jẹun alẹ́ nílé."

"Olúbáyọ̀, Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́!" ni Morónfólú pariwo láti ibi tó dúró sí.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kò tíì so."

Ìjọ rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń ta fóònù fi yọjú láti ìsàlẹ̀. Márùn-ún ló gbà lọ́dún náà. Mẹ́fà ló gbà lọ́dún 2018, kò sì kọjá ibẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tí Olúbáyọ̀ kú, Iyìolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló bọ́ sípò náà. Accra ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ó sì máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú Bíbélì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 2021, ìyá rẹ̀ gba méje. Lọ́dún 2022, ó gba mẹ́jọ. Àwọn èèyàn ń sọ pé ìyà ti sọ obìnrin náà di wúrà. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, kó tó jáde, ó máa ń ka ibi kan náà, yóò sì gbé ọjọ́ àná lé e. Ǹjẹ́ mo bínú lánàá? Rárá. Ǹjẹ́ mo sunkún? Rárá. Ọkàn mi dàrú bí? Rárá. Ó máa ń rántí ìgbà tí ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun ti dàgbà.

Òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ báyìí. Wòsílátù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Sultan, ló ń rán ìbòrí àga ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Mùsùlùmí ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, ilé kan náà ni òun àti Morónfólú sì ń gbé ní Kaneshie. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023, fítà kan tó ń jẹ́ Abdul-Rahim gbé ṣọ́ọ̀kù kan tó rà wá padà, ó jù ú sórí tábìlì.

"Ìwọ Alata yìí, ayédèrú lo tà fún mi!"

Wòsílátù dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó rí òjò tó ṣú tí aṣọ tirẹ̀ ti gbẹ. Morónfólú gbé irin náà, ó yí i wò, ó wọlé, ó mú òmíràn wá fún un.

"Má bínú," ló wí. "Máa lọ ní àlàáfíà."

Abdul-Rahim pàápàá kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó gbé irin tuntun náà, ó lọ.

"Ìyá Iyì, ṣé ara yín yá báyìí?" ni Wòsílátù bi í.

"Ara mi le."

"Ojú òòlù wà lára irin yẹn. Ọkùnrin yẹn ló fọwọ́ ara ẹ̀ bà á jẹ́. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí."

"Èmi náà rí i."

"Ẹ rí i? Ẹ ò wá bú u? Ẹ ò tiẹ̀ pòṣé?"

"Mo ti kúrò níbẹ̀, Ìyá Sultan."

"Ẹ ti kúrò níbẹ̀. Níbo lẹ wá wà báyìí?"

 Morónfólú mú àkísà, ó ń nu tábìlì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìpamọ́ra, ó sì rí i pé ó bá a mu.

Nínú oṣù Kọkànlá, ilé-ẹ̀kọ́ méjì gba Iyìolúwa láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan wà ní Accra, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé wọn. Èkejì wà ní Ogbómọ̀ṣọ́, níbi tí Olúwarẹ̀mílẹ́kún, ẹ̀gbọ́n Olúbáyọ̀ obìnrin, ń gbé. Kò bímọ rí. Ó pe Morónfólú lórí fóònù, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ìyàwó mi, bí ọmọ yìí bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kó máa bọ̀ pátápátá. Mi ò fẹ́ ọmọ tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, tí màá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lára tán, tí wọ́n á ní ìyá ẹ̀ ń pè é. Inú ilé mi ni yóò ti kàwé, inú ilé mi ni yóò ti lọ́kọ. Ẹ rò ó dáadáa. Bẹ́ ẹ bá ní rárá, mi ò ní bínú."

Morónfólú ní òun ti gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé. Iyìolúwa wá jókòó tì í.

"Mọ́mì, Àǹtí ní kí n fèsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èwo ni kí n mú?"

"Èyí tí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin fẹ́?"

Morónfólú yọ òkúta kan, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mọ ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ kí ọmọ náà dúró. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ ìlú tí kò dé rí ni. Ó wá inú ara rẹ̀ kiri bóyá òun yóò rí ibi tó ti ń dun òun. Kò rí nǹkan kan. Ó wá rò ó pé, bí kò bá dùn mí, á jẹ́ pé Ọlọ́run ló fi mí lọ́kàn balẹ̀.

"Kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ," ló wí.

Iyìolúwa jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn yẹ̀ẹ̀rì rẹ̀, ó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Wòsílátù kò tiẹ̀ ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó wá.

"Ọmọ yín wá bá mi lánàá. Ó ní nígbà tí Jàmílátù ọmọ mi fẹ́ lọ sí Kumasi, kí ni mo ṣe."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní mo jókòó lórí báàgì Jàmílátù. Mo ní bó bá lágbára, kó gbé èmi àti báàgì pọ̀. Wákàtí mẹ́ta gbáko, wallahi. Bàbá Sultan gbé oúnjẹ wá bá mi lórí ẹ̀."

"Ó sì lọ náà."

"Ó lọ! Ṣùgbọ́n ó ń wá sílé lóṣooṣù, kó lè wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Iyì, ọmọ yìí fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé rárá ni. Gbogbo ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ. Ẹ pariwo mọ́ ọn. Ẹ sọ pé ó ya aláìmoore. Ẹ sọ ohunkóhun."

"Ìfẹ́ kì í wá tara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú Ìwé. Bí mo bá dì í mú, ara mi ni mò ń wá."

"Èmi ò mọ ìwé yín," ni Wòsílátù wí. Ó ti dìde, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn ò bá dì mú á rò pé wọ́n jù ú sílẹ̀ ni."

Morónfólú rò ó nínú tírótírò bó ṣe ń lọ sílé. Ọ̀rọ̀ Wòsílátù ní ìtumọ̀. Ó rí ìtumọ̀ náà kedere. Ó pinnu pé bí òun bá délé, òun yóò sọ pé, má lọ. Ó délé, ó rí Iyìolúwa tó ń lọ aṣọ ilé-ìjọsìn méjèèjì wọn. Ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ọmọ náà ní òun ti jẹun. Morónfólú bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ wẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kọkàndínlógún, ọjọ́ kan sí ọjọ́ tí wọ́n rì Morónfólú bọmi lọ́dún 2005. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn tó wá jẹ́ mọ́kànlélógójì. Morónfólú dúró níwájú, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Iyìolúwa jókòó sórí àga tó kọjú sí i, ó ṣí Bíbélì, ó fi ìka sí ibẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́. Ayọ̀ ló pè, Pásítọ̀ sì wò ó, ṣùgbọ́n kò dá a dúró.

"Ayọ̀. Ó ń so. Wọ́n máa ń kọrin tí wọ́n bá ń dáná."

"Àmín," ni ìjọ wí.

"Àlàáfíà. Ó ń so. Láti ìgbà tí Dádì ti kú, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sí ẹnì kankan paa."

"Àmín."

"Ìpamọ́ra. Ó ń so. Mo fẹ́ ìdánwò kan lulẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn fi sílẹ̀ ni. Mo gbé èsì lọ síwájú wọn. Wọ́n ní kò burú."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀ lẹ́yìn. Pásítọ̀ Ayọ̀mikún mi orí. Ọmọ náà ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ ń so. Ìṣoore ń so. Ìgbàgbọ́ ń so, ìwà tútù ń so. Nígbà tó dé orí ìkóra-ẹni-níjàánu, gbogbo àwọn tó mọ Olúbáyọ̀ ló ń wo ojú ara wọn.

"Ó ń so," ni Iyìolúwa wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Dádì, mo ń wo ojú wọn títí a fi délé. Mo ní tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, èmi náà á bẹ̀rẹ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀."

Mẹ́jọ nìyẹn. Ó wá ku ìfẹ́.  Nísàlẹ̀, ẹni kan ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan wò, ó ń ka oókan, eéjì, oókan, eéjì. Iyìolúwa gbé ojú kúrò nínú Bíbélì, ó wo ìyá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Morónfólú mọ ohun tí ọmọ náà ń dúró dè. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ẹni tó dúró kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun yóò rú òfin náà. Òun gan-an ló máa ń rú u lọ́dọọdún nígbà kan, kò sì sí ohun tí wọ́n fi òun ṣe. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ó dé ẹnu rẹ̀, ó wà níbẹ̀ bí ìrọ̀rí tí wọ́n gbé sórí àga. Kò wúwo, kò sì jáde. Ó rò ó pé ó ku èso kan kí òun pé mẹ́sàn-án. Ó rò ó pé òun kò tilẹ̀ bìkítà bí òun kò bá pé. Ó wo ọmọ rẹ̀ padà. Ó pa ẹnu mọ́.

"Ìfẹ́," ni Iyìolúwa wí. "Ó ń so. Mo ní mo fẹ́ lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́, wọn ò dì mí mú."

Ìjọ dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó, àwọn obìnrin kan ń fi ìborùn jó yí Morónfólú ká. Pásítọ̀ Ayọ̀mikún yọ awò ojú rẹ̀, ó nu omijé. Ó ní láti ọdún mọ́kànlá, ẹni àkọ́kọ́ nìyí. Ó ní nínú oṣù Kìíní, ìjọ yóò fi í joyè díákónì. Iyìolúwa pa Bíbélì dé, ó fi sórí àga, ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé. Kó tó di aago méje ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó ti pe àǹtí rẹ̀, ó ti gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún 2024, ni wọ́n lọ sí Tudu, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Aflao, ní ẹnubodè Togo, ti ń gbéra. Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n débẹ̀. Wòsílátù tẹ̀ lé wọn. Òun ló ń bá dírẹ́bà jà nítorí ibi tí wọ́n gbé báàgì sí.

"Báàgì ọmọ nọ́ọ̀sì lẹ gbé sábẹ́ ìkòkò ẹja yìí? Kí wọ́n fi ẹja gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ni?"

Ó ń bú u, ó ń sunkún, ó ń fi ìborùn nu imú, ó tún ń bú u. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Iyìolúwa pàápàá rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn, ó sì pẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá bá ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Mọ́mì, ẹ bá mi jà."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà bá mi jà. Ẹ jọ̀ọ́."

Morónfólú wò ó. Ó rí i pé ètè ọmọ náà ń gbọ̀n. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe fún un.

"Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ," ló wí. "Tó o bá dé, kí o pè mí."

Iyìolúwa mi orí, ó wọ ọkọ̀. Ìjókòó kẹta lẹ́yìn dírẹ́bà ni, lẹ́bàá fèrèsé tó wà ní apá kejì, tí wọn kò lè rí ojú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí. Ọkọ̀ kún ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ó sì lọ. Wòsílátù jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò lè dìde. Morónfólú dúró tì í títí ó fi lè dìde. Ó ra omi fún un. Wọ́n wọ tírótírò lọ sí Abossey Okai, Morónfólú sì ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, wọ́n fi í joyè díákónì. Wọ́n ní bó bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, kó sọ ọ́. Ó ní òun dúpẹ́.

Iyìolúwa pè lọ́jọ́ tó dé Ogbómọ̀ṣọ́. Ó ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì, ó wá di oṣooṣù. Láti oṣù Kẹrin, Olúwarẹ̀mílẹ́kún ló ń pè ní Mọ́mì. Morónfólú ti di Màmá Accra. Ọmọ náà kò wá fún Kérésìmesì ọdún náà, kò sì wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ kan ṣoṣo ni Morónfólú bí, ó sì ti pàdánù rẹ̀.